Ẹ Má Yọ Ìṣirò Kúrò Nínú Ẹgbẹ́ Yorùbá Wa

 

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ nínú ẹgbẹ́ wa láìpẹ́ yìí tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Àwọn kan ní kí á yọ ojú ewé ìṣirò kúrò nínú ìwé ìròyìn wa, kí á fi àlọ́ àti àwòrán aṣọ òkè dí àyè rẹ̀. Wọ́n ní ìṣirò kì í ṣe ti Yorùbá, pé Gẹ̀ẹ́sì ni ìṣirò ń sọ, pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìṣirò kó dúró de píríọ́ọ̀dù ìṣirò. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí, mo sì mọ̀ pé àwọn tó dábàá náà jù mí lọ. Ṣùgbọ́n ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé Ifẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi kí ẹ tó dìbò.

Mi ò ní fi àròyé lásán bá yín jà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni n ó fi ṣe ẹ̀rí, ìbéèrè ẹní títẹ́.

Ẹ mú bébà onílà tí àwọn ìlà rẹ̀ ń gba ara wọn kọjá. Ẹ jẹ́ kí á pe àpótí kékeré kọ̀ọ̀kan ní ojúlé. Ẹ ya yàrá kan tó fẹ̀ ní ojúlé 2, kó sì gùn ní ojúlé 3. Ẹní kan máa ń bo ojúlé 2 tó fara kan ara wọn gẹ́lẹ́. Ọ̀nà mélòó ni a lè gbà tẹ́ ẹní bo gbogbo ilẹ̀ yàrá yẹn, tí ẹní kan kò ní gun orí èkejì, tí ibì kankan kò sì ní ṣófo?

Tí yàrá bá gùn ní ojúlé 1 péré, ọ̀nà 1 ló wà. Tó bá jẹ́ ojúlé 2, ọ̀nà 2 ló wà: kí ẹní méjèèjì wà lóòró, tàbí kí méjèèjì wà níbùú. Tó bá jẹ́ ojúlé 3, ẹ ó rí ọ̀nà 3. Wàyí o, tí mo bá bi yín pé mélòó ni ti ojúlé 4, ọ̀pọ̀ yín máa sọ pé 4, àbí? Ẹ yà á wò. 5 ni. Ti ojúlé 5 sì jẹ́ 8.

Kí ló dé? Ẹ wo ògiri apá òsì yàrá náà. Ohun méjì péré ló lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Bóyá ẹní kan wà lóòró tì í; ìyẹn ni pé yàrá tó kù láti tẹ́ ti fi ojúlé 1 kúrú. Tàbí ẹní kan wà níbùú lókè. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹní ìsàlẹ̀ kò ráyè wà lóòró mọ́, òun náà gbọ́dọ̀ wà níbùú, yàrá tó kù sì ti fi ojúlé 2 kúrú. Kò sí ọ̀nà kẹta. Nítorí náà, iye ti yàrá kọ̀ọ̀kan jẹ́ àròpọ̀ iye ti yàrá méjì tó ṣáájú rẹ̀: 1, 2, 3, 5, 8, 13, 21, 34, 55, 89. Yàrá tó gùn ní ojúlé 10 ní ọ̀nà 89, a ò sì ní láti yà wọ́n níkọ̀ọ̀kan.

Ẹ kíyè sí àlàyé tí mo ṣe yẹn. Lóòró, níbùú, ojúlé, àròpọ̀, ọ̀nà kẹta: kò sí èyí tí ìyá àgbà wa kò mọ̀ níbẹ̀. Bébà nìkan ni mo yá, bébà náà sì ti di tiwa tipẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á tún wo ìkejì, torí èyí ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ ya yàrá onígun mẹ́rin, ojúlé 4 sí 4. Ojúlé 16 ló wà níbẹ̀, ẹní 8 ló máa gbà, ọ̀nà 36 ló sì wà láti tẹ́ wọn. Báyìí, ẹ gbà pé òpó wà ní igun méjì tó kọjú síra, ọ̀kan lókè lápá òsì, èkejì nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, tí òpó kọ̀ọ̀kan gba ojúlé 1. Ó ku ojúlé 14. Ẹní 7 ló yẹ kó tó o. Ẹ gbìyànjú rẹ̀. Ẹ lè fi odidi prep kan gbìyànjú, kò ní ṣe é ṣe.

Ẹni tí kò bá lo orí máa ní, "Bóyá mi ò tíì gbìyànjú tó ni." Ṣùgbọ́n ẹ kun àwọn ojúlé náà ní funfun àti dúdú bíi ti bọ́ọ̀dù chess, kí funfun máa tẹ̀lé dúdú. Níbẹ̀rẹ̀, funfun 8 ló wà, dúdú 8. Igun méjì tó kọjú síra, àwọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń ní. Tó bá jẹ́ funfun ni òpó méjèèjì gbà, ó ku funfun 6 àti dúdú 8. Bẹ́ẹ̀ ẹní kọ̀ọ̀kan, bó ti wù kí á tẹ́ ẹ, funfun 1 àti dúdú 1 ló máa bò. Ẹní 7 ń fẹ́ funfun 7 àti dúdú 7. Níbo la ti máa rí funfun keje? Kò sí. Iye ọ̀nà jẹ́ òdo, ẹjọ́ sì parí.

Max Black tó fi irú ìbéèrè yìí sínú ìwé rẹ̀ ní 1946, pẹ̀lú bọ́ọ̀dù chess 8 sí 8, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ni. Ẹ wò ó, kò sí fọ́múlà kankan nínú ìdáhùn yẹn. Ìjiyàn ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbọ́ bí àwọn àgbà ṣe ń parí ìjà, tí wọ́n máa ní "ó ku ibì kan tí ọ̀rọ̀ rẹ kò ti bára mu", ti mọ bí a ṣe ń ṣe ìṣirò yẹn.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn máa sọ. Ó máa ní, "Eré ọmọdé nìyẹn, ìṣirò gidi kọ́." Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn onímọ̀ físíìsì lo agbára lórí ẹní títẹ́ yìí? Wọ́n fẹ́ mọ bí mólẹ́kù tó ní átọ̀mù méjì ṣe lè tò sórí ilẹ̀ nǹkan. Mólẹ́kù wọn dà bí ẹní wa. Ní 1961, P. W. Kasteleyn ní Netherlands, àti H. N. V. Temperley pẹ̀lú Michael Fisher ní Ìlú Ọba, rí bí a ṣe lè ṣírò iye ọ̀nà fún yàrá onígun mẹ́rin èyíkéyìí. Fún bọ́ọ̀dù 8 sí 8, iye náà jẹ́ 12,988,816. Tí ènìyàn bá ń ka ọ̀nà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, tí kò sùn, tí kò jẹun, ó máa gbà á ní ọjọ́ 150, wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú àáyá 16. Tọ́ọ̀mù kan kò tó o!

Àwòrán mìíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní Aztec diamond. Ẹ to ojúlé báyìí: 2 lókè, 4 tẹ̀lé e, 4 mìíràn, lẹ́yìn náà 2 nísàlẹ̀, kí ìlà kọ̀ọ̀kan wà láàárín gbùngbùn. Ọ̀nà 8 ló ní. Èyí tó tóbi jù ú lọ, 2, 4, 6, 6, 4, 2, ní ọ̀nà 64. Èyí tó tún tẹ̀lé e ní 1,024. Ẹ wo bí iye yẹn ṣe lẹ́wà tó: 2 nìkan tí a fi ń sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ ni. Ìlọ́po 2 lẹ́ẹ̀kan fún èyí tó kéré jù, tó jẹ́ ojúlé 2 sí 2, ẹ̀ẹ̀mẹta fún èyí tó tẹ̀lé e, ẹ̀ẹ̀mẹfà, ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Bọ́ọ̀dù chess tó dọ́gba, iye rẹ̀ rí wúruwùru. Èyí tó ní ìpele bí àtẹ̀gùn yìí, iye rẹ̀ mọ́ tónítóní. Noam Elkies, Greg Kuperberg, Michael Larsen àti James Propp ló gbé ẹ̀rí rẹ̀ jáde ní 1992. Èyí kì í ṣe ìmọ̀ ayé àtijọ́ tó ti parí. Àwọn ènìyàn ṣì ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ọ̀rọ̀ èdè wá, torí ibẹ̀ gan-an ni ìjà wà.

Wọ́n ní ìṣirò kì í ṣe ti Yorùbá. Ẹ gbọ́ ná: kí ni à ń pe 45? Márùndínláàádọ́ta. Ẹni tó bá pè é ti yọ 5 kúrò nínú 50 kó tó pa ẹnu dé. Ọmọ tó bá ń ka owó fún ìyá rẹ̀ ní Yorùbá ti ń ṣe àyọkúrò láti kékeré láìmọ̀.

Ẹ tún wo Ifá. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ dá Ifá o. Mọ́ṣáláṣí ni wọ́n ń lọ ní ilé wa. Iye rẹ̀ ni mò ń sọ. Apá kan odù ní ìpele mẹ́rin, ìpele kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ ìlà kan tàbí méjì. 2 lọ́nà 2 lọ́nà 2 lọ́nà 2 jẹ́ 16. Ìyẹn ni ojú odù 16. Odù ní apá ọ̀tún àti apá òsì, torí náà 16 lọ́nà 16 jẹ́ 256, igba odù ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ bèèrè pé "ọ̀nà mélòó ló lè gbà yọ?", wọn kò sì fo ọ̀kankan. Ìbéèrè kan náà la fi ń tẹ́ ẹní.

Ohun kan wà tó yà mí lẹ́nu jù. Ẹ rántí 1, 2, 3, 5, 8, 13 tí a rí lẹ́ẹ̀kan? Orúkọ Fibonacci, ará Ítálì tó kọ ìwé rẹ̀ ní 1202, ni ayé fi ń pè é. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí 1150, Hemachandra ní Íńdíà ti kọ ọ́. Kì í ṣe ẹní ló ń tẹ́. Ewì èdè Sanskrit ló ń yẹ̀ wò. Sílébù kúkúrú gba ìdá 1, sílébù gígùn gba ìdá 2. Ó fẹ́ mọ ọ̀nà mélòó ni ìlà ewì kan fi lè gba iye ìdá kan. Ìlà tó gba ìdá 6 ní ọ̀nà 13, bí yàrá wa tó gùn ní ojúlé 6 ṣe ní 13. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, inú ewì ni ọkùnrin yìí ti rí ìṣirò. Bí ẹnì kan bá ti lé e jáde pé "ewì nìkan là ń ṣe níbí, gbé ìṣirò rẹ lọ", kí ni ì bá ṣẹlẹ̀? Àwa tí a ní ìlù tó ń sọ̀rọ̀, tí a ń kọ́ sílébù ní kíláàsì Yorùbá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a wá ń sọ pé ìṣirò kò kàn wá!

Ó kù sí àwọn àtakò gidi, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó dábàá náà ló kàn kórìíra ìṣirò.

Àkọ́kọ́, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń ṣe ìdánwò BECE, pé tí a bá ń ronú ní Yorùbá, ó máa dà wá láàmú. Ẹ bi àwọn olùkọ́ wa nípa iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1970. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo nǹkan fún ọdún mẹ́fà, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Wọ́n kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn kò rẹ̀yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ohun tó bá ti yé ènìyàn yékéyéké, ó lè sọ ọ́ ní èdè mìíràn. Ohun tí kò yé e, kò sí èdè tó lè fi sọ ọ́.

Èkejì, wọ́n ní ìṣirò máa lé àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kúrò nínú ẹgbẹ́. Ẹ̀rù yẹn yé mi. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa yàtọ̀. Ní ọjọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn tí a fọ aṣọ tán, a ń ya yàrá ojúlé 2 sí 4 yẹn. Ọmọ JSS 1 kan wà láàárín wa tí kì í la ẹnu ní kíláàsì rárá, torí wọ́n máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹnì kan ní òun ti rí ọ̀nà 6. Ọmọ yìí ló ní, "Ó ti o, o ti ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Wo ògiri apá òsì, lóòró tàbí níbùú, ibo lo tún fẹ́ gbà?" Yorùbá ló fi sọ ọ́, gbogbo wa sì dákẹ́. Ta ni ìṣirò Yorùbá lé lọ níbẹ̀?

Ẹ̀kẹta, wọ́n ní àyè ìwé ìròyìn wa kéré. Òótọ́ ni. Mi ò bèèrè odidi ojú ewé. Ìdá mẹ́rin rẹ̀ tó, kí àlọ́ àti aṣọ òkè gba èyí tó kù.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi dùn mí tó báyìí kò ju èyí lọ. Òkè Ọya ni a wà. Haúsá là ń gbọ́ lẹ́yìn géètì, Gẹ̀ẹ́sì là ń sọ ní kíláàsì. Ọ̀pọ̀ wa, ọjọ́ àbẹ̀wò nìkan ni a máa ń sọ Yorùbá dáadáa, ìyẹn náà kò ju "ẹ kú ìrìn" àti "ẹ bá mi mú gàrí wá". Tó bá jẹ́ pé orin, ijó àti aṣọ nìkan la fi èdè wa ṣe nínú ẹgbẹ́, a máa mọ̀ ọ́n bí ènìyàn ṣe ń mọ aṣọ ọdún: ó dára, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún là ń wọ̀ ọ́. Èdè tí a fi ń jiyàn, tí a fi ń wádìí, tí a fi ń sọ pé "kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí…", òun ló máa ń gbé inú orí ènìyàn. Mi ò fẹ́ kí tèmi di aṣọ ọdún.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Kí ìbéèrè ìṣirò kan máa wà nínú ìwé ìròyìn wa ní tọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, ní Yorùbá. Kí á máa fi ìṣẹ́jú 15 jíròrò rẹ̀ ní ìpàdé Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù. Kí àwọn olùkọ́ Yorùbá àti olùkọ́ ìṣirò wa jọ bá wa yan àwọn ọ̀rọ̀ tí a máa lò, kí á kọ wọ́n sára ògiri yàrá ẹgbẹ́, kí wọ́n má baà yí padà lójoojúmọ́. Kí òfin kan ṣoṣo sì wà: ẹni tó bá mú iye wá gbọ́dọ̀ mú ìdí wá. Ẹni tó bá sọ iye tí kò sọ "nítorí", kó padà lọ jókòó, ìbáà jẹ́ sẹ́níọ̀.

Kí ẹ tó dìbò lọ́jọ́ Sátidé, ẹ gbìyànjú èyí. Yàrá kan fẹ̀ ní ojúlé 3, ó gùn ní ojúlé 4. Ọ̀nà mélòó ni a lè gbà tẹ́ ẹní bò ó? Ìdáhùn rẹ̀ ju 10 lọ, kò sì tó 12. Iye ti wà lọ́wọ́ yín báyìí. Ìdí ni kí ẹ mú wá sí ìpàdé.